Àìsàn Ráńpẹ́ Tó Pa Bàbá Wa

Kì í ṣe ìrora ló kọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá ń retí ìrora kí ẹ tó gbà pé nǹkan ń ṣe yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é bíi tèmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dìde nídìí máṣíìnì ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ìlá, mo fẹ́ lọ yàgbẹ́ nínú ilé onílé wa. Àtẹ̀gùn kékeré ló wà níbẹ̀, mo sì ti ń gùn ún láti ọjọ́ tí mo ti gba ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo fi máa dé òkè, àyà mi ń lù kìkì, òógùn bò mí, mo sì ní láti di ògiri mú. Nígbà tí mo yàgbẹ́ tán, mo wo inú àwo, mo rí ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀. Ó dúdú díẹ̀, ó sì pò mọ́ ìgbẹ́ náà. Mo da omi sí i, mo padà sídìí aṣọ oníbàárà.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni mo pè é. Ta ni kò ní pè é bẹ́ẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, ohunkóhun tó bá ti ṣe ìdí, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ̀yìn ń dunni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Inú ń kùn, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìyàwó onílé wa ní ṣúgà ló fà á, kí n yéé fi ṣúgà àti mílíìkì mu tíì. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé àgbo wá nínú ike, ó korò bí orógbó. Mo ń mu ún láàárọ̀, mo ń mu ún lálẹ́. Ó ń ṣí mi nínú, ara mi a fúyẹ́ díẹ̀, mo sì gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ mi ti yí padà. Lọ́sẹ̀ yìí kò ní í jáde rárá, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á di ìgbẹ́ gbuuru. Nígbà mìíràn ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Mo lè dìde níbẹ̀ tán kó ṣì máa ṣe mí bíi pé n kò tíì ṣe tán. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ fún yín yìí náà, ojú ṣì ń tì mí, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí ìfun bá ń ṣàìsàn, gbogbo ara ló ń bá a jìyà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú mi, òun ni agbára tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Orí mi ń fò. Mo ń gbàgbé ìwọ̀n aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n tán, mo sì gé apá bùbá ẹnìkan kúrú. Mo ń kanra mọ́ ọkọ mi lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Oúnjẹ kò wù mí mọ́, iyán pàápàá, èmi ọmọ Ìgèdè-Èkìtì! Mo rù, àwọn oníbàárà sì ń yọ̀ mọ́ mi. "Àǹtí Fúnmi, ẹ ti di lẹ́pa o! Kí lẹ ń lò, ẹ sọ fún wa." Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo ń fún ṣíkẹ́ẹ̀tì mi sí i.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni àṣírí ti tú. A tò láti gba Kọmúníọ̀n, ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú, ohun tí mo tún mọ̀ ni pé àwọn ìyá ìjọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi. Ọkọ mi, tíṣà ni, kì í pariwo. Ó gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, títí wọ́n fi pè wá. Dókítà obìnrin kan tí kò ju ọmọ mi lọ púpọ̀ fa ìpéǹpéjú mi sísàlẹ̀, ó rí i pé inú rẹ̀ funfun. Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ara mi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka yẹ ìdí mi wò, ó ní òun kò rí jẹ̀díjẹ̀dí kankan. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí.

"Rárá o," ni mo dáhùn.

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Àìsàn ráńpẹ́ ló pa wọ́n."

"Àìsàn ráńpẹ́ wo, Mà?"

Ohun tí wọ́n kọ sára ìwé ìkéde òkú bàbá wa tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kiri Ìgèdè nìyẹn. Bàbá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan lórí ibùsùn kí wọ́n tó lọ. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n sọ fún èmi àti Bísí, àbúrò mi, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá wa àti Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, àkọ́bí wa, ni wọ́n wà pẹ̀lú wọn ní ilé ìwòsàn.

Dókítà ní wọ́n máa fi kámẹ́rà wo ìfun ńlá mi. Ìfun ńlá ni ìpẹ̀kun ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú wa, ibẹ̀ ni ara ti ń fa omi kúrò nínú pàǹtí kó tó di ìgbẹ́. Okùn rírọ̀ kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu ni wọ́n ń tì gba ìdí wọlé. Kí kámẹ́rà tó lè ríran, ìfun gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, nítorí náà wọ́n fún mi ní oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi púpọ̀, tí yóò fọ gbogbo rẹ̀ jáde. Ọkọ mi ń ṣọ́ àwọn ọmọ iléèwé tó ń ṣèdánwò lọ́jọ́ náà, ni Bùọ̀dá Ṣẹ́gun bá ti Ìbàdàn wá jókòó tì mí nílé.

Mo ti gbé ife àkọ́kọ́ sẹ́nu nígbà tó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Má mu ún bẹ́ẹ̀. Gbé e sínú fìríìjì kó tutù, kí o máa fa ọsàn wẹ́wẹ́ láàrin. Ife kẹta ló máa ń fẹ́ múni bì, bí o bá ti kọjá ìyẹn, ó tán. Kí o sì fi fásélíìnì pa ìdí kó tó bẹ̀rẹ̀, torí yóò ta ọ́."

Mo wo ojú rẹ̀. "Bùọ̀dá, ta ló sọ fún yín?"

"Mo gbọ́ ọ níbì kan."

"Ẹ gbọ́ nípa ife kẹta? Ẹ gbọ́ nípa fásélíìnì?"

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi náà ti ṣe é, Fúnmi. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ohun tó pa bàbá mi. Jẹjẹrẹ ìfun ni. Dókítà tó tọ́jú wọn nígbà náà sọ fún ìyá mi àti Bùọ̀dá pé ó lè máa rìn nínú ìdílé, pé kí gbogbo ọmọ máa ṣàyẹ̀wò bí wọ́n bá ti ń dàgbà. Bùọ̀dá lọ. Wọ́n bá kókó kékeré kan lára ìfun rẹ̀, wọ́n gé e kúrò, ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kókó tí kò dunni rárá, tí yóò jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ibi. Ẹni tó bá tètè rí i, ó ti bọ́. Tèmi náà ti jẹ́ kókó kékeré nígbà kan, ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń wá sílé mi ní Kérésìmesì, tó ń jẹ ìrẹsì mi, tó ń gbàdúrà fún mi.

Mo fẹ́ dìde kí n lé e jáde, àmọ́ oògùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń bú u. Mo bú u tẹ̀kúntẹ̀kún, òun náà dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀ mí, ó sì ń na ife omi gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sí mi. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé orúkọ ẹni tí wọ́n ń bá wí lè jẹ́ Ṣẹ́gun.

Kámẹ́rà rí kókó ńlá kan lápá òsì ìfun mi. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, a sì dúró de èsì. Ìdúró yẹn burú ju iṣẹ́ abẹ lọ. Nígbà tí èsì dé, jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tàn dé ẹ̀dọ̀. Dókítà ní wọn yóò gé ibi tó bàjẹ́, wọn yóò sì rán ojú méjèèjì pọ̀. Nínú gbogbo àlàyé wọn, ìyẹn ló yé mi jù.

N kò ní í parọ́ fún yín, iṣẹ́ abẹ náà dùn mí. Bí mo bá wúkọ́, ó dà bíi pé wọ́n tún ń gé mi. Wọn kò fún mi ní oúnjẹ títí mo fi só, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń mọ̀ pé ìfun ti jí. Gbogbo nọ́ọ̀sì ń bi mí, "Màmá, ṣé ẹ ti só?" Lọ́jọ́ tí ó wá jáde, ọkọ mi pàtẹ́wọ́ fún mi lójú gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ibẹ̀ ni ìyá mi bá wa, tí wọ́n ti Ìgèdè wá pẹ̀lú kúlà oúnjẹ tí n kò lè jẹ. Mo bi wọ́n ní tààrà pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi.

"Torí ùwọ ni," wọ́n ní. "Àwọn ará ulé ọkọ rẹ ti fẹ́ wá tọrọ rẹ nígbà náà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àrùn burúkú wà nínú ulé wa, ṣé wọn á wá? Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́."

Òótọ́ ni. Kí ìdílé kan tó fẹ́yàwó, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá wèrè wà níbẹ̀, tàbí wárápá, tàbí ẹ̀tẹ̀. Ọkọ mi tó dúró tì mí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín ni mo wá tọrọ, n kò tọrọ ìfun." A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà fa ojú ọgbẹ́ mi, omi dà lójú mi, nígbà tó sì yá ẹkún gidi ni mo ń sun. Wọ́n ti di ohun tó lè pa mí mọ́ ẹrù ìyàwó mi, wọ́n sì fi ijó sìn mí lọ sílé ọkọ.

Wọ́n fún mi ní oògùn jẹjẹrẹ fún oṣù bíi mélòó kan, èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan bí omi dríìpù. Ó ń múni bì. Ó mú kí ìka mi máa kú tipiri, abẹ́rẹ́ ń jábọ́ lọ́wọ́ mi, omi tútù sì ń ta mí bí ẹ̀gún. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo tún ṣí i. Wọ́n tún ti fi kámẹ́rà wò mí lẹ́yìn ìgbà náà, ibẹ̀ mọ́. Mò ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa, mò ń mu omi, mo sì ń rìn, ṣùgbọ́n n kò ní í tàn yín pé ewé ló wò mí. Bùọ̀dá fúnra rẹ̀ mú Bísí lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n bá kókó méjì, wọ́n gé wọn. Mò ń kí Bùọ̀dá, mo sì ń jẹun nílé rẹ̀. Nígbà tó bi mí bóyá mo ti dárí jì í, mo ní kó ṣì máa bẹ̀ mí.

Nígbà tí mo wà lórí ibùsùn, mo máa ń sọ pé ara mi dà mí. Mo ti kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Ara mi kò dalẹ̀. Ó rán àárẹ̀ sí mi, ó rán ẹ̀jẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Àwọn tí wọ́n gbédè rẹ̀ ni wọ́n dákẹ́. Láàárọ̀ báyìí, bí mo bá yàgbẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó dìde, n kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ará Ìjàn-Èkìtì wá mọ̀ wá nítorí ìgbéyàwó Tósìn, ọmọ mi obìnrin. Fẹ́mi tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti gbọ́ ìtàn mi lẹ́nu rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ ni kò tíì gbọ́. Tósìn bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá ná, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Bí a ṣe ń bu oúnjẹ, ìyá Fẹ́mi tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnì, níbi tí ìyá mi jókòó sí.

"Ẹ má bínú o, ẹ mọ̀ pé ó yẹ ká bi ara wa," obìnrin náà ní. "Bàbá yín, kí ló ṣe wọ́n?"

Ìyá mi ló yára dáhùn. "Àìsàn ráńpẹ́ ni."

Mo gbé àwo tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. "Jẹjẹrẹ ìfun ni, Mà. Èmi náà ní i, ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rí nínú ìgbẹ́, wọ́n ti gé e. Tósìn yóò máa ṣàyẹ̀wò bí àkókò rẹ̀ bá tó. Bí ẹ bá fẹ́ mú un, ẹ mú un pẹ̀lú ìyẹn."

Ìyá mi di ojú. Ìyá Fẹ́mi wo ẹnu ọ̀nà, ó rọra ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí yẹn, ṣé ó máa ń dúdú díẹ̀?"

Ìyá mi ló fa àga fún un.