Omi Bátìrì

Nọ́ọ̀sì ti fi ẹsẹ̀ ta alùpùpù rẹ̀ títí ó fi làágùn. Alùpùpù náà kàn ń wúkọ́ bí arúgbó tí eruku wọ̀ lọ́fun ni, kò jí. Nọ́ọ̀sì nìkan ló ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fáwọn abúlé òkè odò. Àpótí abẹ́rẹ́ náà wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, yìnyín sì ń yọ́ nínú rẹ̀. Bí yìnyín bá tán lọ́nà, abẹ́rẹ́ á bàjẹ́, àwọn ìyá tó pọnmọ rìn wá láti oko á sì padà sílé lásán.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ìjà ni àbí ijó?" Télọ̀ ọ̀kánkán ló yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ránṣọ yín."

Ó tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Epo ti rin ín gbingbin. Ó nù ún gbẹ, ó fi kan irin ẹ́ńjìnnì, ó sì tún ta ẹsẹ̀: iná tó ṣẹ́ níbẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìṣáná tó fẹ́ kú. Epo wà, iná ni kò sí. Irú alùpùpù tirẹ̀ yìí, bí bátìrì bá ti dákú, ẹsẹ̀ lásán kò lè jí i. Ó dá púlọ́ọ̀gì padà, ó ṣí ibi tí bátìrì wà. Ìpẹtà funfun ti bo ẹnu wáyà. Ó ha á kúrò, ó dè é le, ó tún ta á.

Òfo.

"Ó mà yà mí lẹ́nu o," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. "Bátìrì tí mò ń tọ́jú bí ọmọ."

"Ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ báwo, Màmá?"

"Ṣebí ìwọ lo ní omi ló ń mu? Bí mo bá ti pọnmi kànga dé, tiẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń bù."

Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì dúró lórí wáyà. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Omi bátìrì ni gbogbo ayé ń pè é. Kò sì sọ fún Màmá pé inú ike ni wọ́n ti ń tà á, omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì bí oògùn kíkorò.

"Omi kànga ló pa á, Màmá."

Màmá so ìró rẹ̀ le, ó bọ́ sẹ́yìn alùpùpù láti tì í. "Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo pa á, èmi náà ni n ó jí i. Gùn ún."

"Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀yìn mi làwọn ọmọ yẹn ń dúró dè ni? Gùn ún, jàre!"

Télọ̀ sáré jáde, téèpù lọ́rùn, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n tì í dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nọ́ọ̀sì tú kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ sílẹ̀ kí táyà lè yí ẹ́ńjìnnì. Táyà ha ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Wọ́n tún tì í. Mímí Màmá ń dún hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lójijì, alùpùpù bú ramúramù.

"Má pa á o!" ni Màmá ń kígbe. "Bó o bá débẹ̀, má pa á!"

Kò pa á. Ó dé abẹ́ igi tí àwọn ìyá jókòó sí, ó ní kí bàbá kan bá òun máa yí ọwọ́ alùpùpù díẹ̀díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ó wá ṣí àpótí. Yìnyín tó kù kò ju ẹyin lọ, ṣùgbọ́n ìgò abẹ́rẹ́ tutù nini lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ dé?" ló pariwo, kí ohùn rẹ̀ lè borí ti ẹ́ńjìnnì.