Nígbà tí Tíṣà Ní Ọba Ti Kú

Gbogbo ìlú ló mọ̀. Àwọn obìnrin ti ń ra iyọ̀ àti epo pamọ́, torí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá kéde rẹ̀ lọjà máa tì pa. Ẹni tó bá lọ sí Ìkìrun ń tètè padà. Síbẹ̀, bí o bá béèrè àlàáfíà Kábíyèsí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn á ní ara wọn ń le bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń wí, ojú kò sì tì mí. Nílùú wa, títí àwọn afọbajẹ yóò fi kéde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ọba kú. Ẹni tó bá sọ ọ́, àfi bíi pé òun ló pa á.

Ọkọ mi ló sọ ọ́.

Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é. Gọ́fúmẹ́ǹtì, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti òfin, ló ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Inísà, ó ń fi alùpùpù lọ, ó ń fi bọ̀, torí ìlú kékeré tiwa wà lọ́nà Òkukù. Ayé ṣójà la wà nígbà náà. Lọ́jọ́ yẹn, ìlú tí ọba wà lábẹ́ òfin àti ìlú tó jẹ́ pé ọba gan-an ni òfin ló ń kọ́ wọn. Ọmọ kan bi í pé bí ọba bá kú ńkọ́, ta ló máa ń ṣàkóso? Tíṣà ní, "Ẹ wo ìlú tèmi. Ọba wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ọwọ́ àwọn afọbajẹ ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí." Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò rọ̀.

Kí alùpùpù rẹ̀ tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ààfin.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nígbà tí ìránṣẹ́ ààfin méjì wọlé láìkí ènìyàn. Ẹni tó wọlé tí kò kí ọ, wàhálà ló gbé wá. Bàbá mi wà lára àwọn afọbajẹ, iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì wá jẹ́ sì ni pé àwọn olóyè yòókù ti sọ pé kò síbi tí àna ti lè gbọ́ ọ bí kì í bá ṣe lẹ́nu bàbá ìyàwó rẹ̀. Bí Tíṣà kò bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á rọ bàbá mi lóyè. Bí yóò sì ṣe kó o ni pé kó wá sẹ́nu ilẹ̀kùn ọba, kó dọ̀bálẹ̀, kó kí Kábíyèsí lójú gbogbo ìlú, kí wọ́n lè rí i pé ẹni tí à ń kí wà níbẹ̀.

"Kí n wá kí òkú?" ni Tíṣà wí nígbà tí wọ́n lọ tán. "Èmi tí mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè pé n kò ní purọ́ mọ́? Abala wo nínú òfin ló ní kí n má sọ òótọ́?"

"Tíṣà, ṣé oyè bàbá mi lẹ fẹ́ fi kọ́ wa lófin ni?" Inú ń bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́.

Bàbá mi fúnra wọn ló wọlé tẹ̀ lé e. Wọn kò jókòó. Ọ̀rẹ́ ọmọdé ni àwọn àti Kábíyèsí. Wọ́n jọ dẹ pàkúté okété kí ọ̀kan tó jọba. Ojú wọn pọ́n, ṣùgbọ́n ó gbẹ. Afọbajẹ kò gbọdọ̀ sunkún kí wọ́n tó kéde.

"Wọ́n ní ò ń béèrè abala òfin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí fún mi láyè láti sọ̀rọ̀."

"Ìwé òfin yẹn dà? Ṣé àwọn ṣójà kò ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni?"

"Wọ́n ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, sà."

"Kí ló wá dé tí o ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ bí ẹni pé ó wà?"

"Bí a bá gbà pé kò sí mọ́, sà, kò ní sí ohun tó máa dá ẹnikẹ́ni dúró."

Bàbá mi wò ó títí. "Ilé mẹ́ta ló ń jọba níbí. Méjì ti ń pọ́n àdá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àga ṣófo kí a tó fi adelé ọba jẹ, kí ló máa dá wọn dúró?"

"Ẹnu mi ò ní sọ pé Kábíyèsí wà láàyè, sà."

"Ìkíni la ní kí o kí. Ti èsì kò kàn ọ́."

Nígbà tí a dé ààfin, àwọn ọ̀dọ́ ilé méjèèjì ti tò sápá ọ̀tún àti sápá òsì, ọwọ́ wọn wà lábẹ́ dàńṣíkí. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Tíṣà dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, ìdúró rẹ̀ sì pẹ́ jù. Ẹnìkan pòṣé. Ọ̀dọ́ kan tẹ ẹsẹ̀ kan síwájú. Mo ń sọ nínú mi pé, ọkùnrin yìí, dọ̀bálẹ̀, jọ̀ọ́.

Ó dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kan eruku.

"Kábíyèsí o!"

Ọba wa kì í fi ẹnu ara rẹ̀ dá ará ìlú lóhùn; ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń bá a dáhùn. Gbogbo wa ń retí. Ó pẹ́ kí ẹnìkan tó dáhùn látinú ilé pé, "Kábíyèsí ní o káre. Wọ́n ní kí o máa lọ ní àlàáfíà." Ohùn bàbá mi ni.

Àwọn ọ̀dọ́ yọ ọwọ́ lábẹ́ dàńṣíkí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oko.

Bàbá mi jáde. Mo fẹ́ kí wọn, mi ò mọ èwo ni kí n kí. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, a máa ń kí i kú aráfẹ́rakù, ṣùgbọ́n bí mo bá kí wọn bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí a ṣe lọ́jọ́ yẹn ti bàjẹ́. Ó dùn mí dé egungun. Ibẹ̀ ni mo dúró sí nígbà tí Tíṣà dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, láìsí ẹni tó rán an, níwájú bàbá mi.

"Bàbá," ó ní, "ẹ bá wa kí Kábíyèsí. Ẹ sọ fún wọn pé a mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wọn."

"Màá jíṣẹ́ fún wọn," ni bàbá mi wí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí omijé bọ́, mo yára bọ́ síwájú wọn, mo na ìborùn mi gbalasa, kí ará ìlú má baà rí wọn.