Òwú Tí Wọ́n Fi Nu Egbò Ìyá Mi

Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù wá ni ara ti fu mí. Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ní òun ń ṣèwádìí àwọn kòkòrò inú egbò tí oògùn kì í ràn mọ́, ó sì fi òwú orí igi tín-ín-rín kan nu egbò tí àtọ̀gbẹ dá sí ìyá mi lẹ́sẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí kò bá jiná, gígé ni. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ọyún àgbàlagbà ṣe? Mo ní wọ́n fẹ́ lọ tà á fún òyìnbó ni.

Ó nu ti màmá Àṣáńtì tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì náà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún màmá yìí, kò sì sí ẹni tó ń wá wò wọ́n. Èmi ni mo ń bá wọn tún ìrọ̀rí ṣe, tí mo ń so báńdéèjì wọn tó bá tú.

"Ṣé ẹ da nǹkan kan sójú egbò yìí?" ọmọbìnrin náà bi mí.

"Daabi," mo ní. Rárá.

Irọ́ ni. Láti ilé wa ní Sawaba ni mo ti ń tú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò, tí mo ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò náà, bí ìyá mi ṣe ń ṣe fún wa ní kékeré. Mo dì í sétí ìró wá sí ọsibítù. Bí nọ́ọ̀sì bá ti yíjú, màá tú báńdéèjì, màá da díẹ̀ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ojú abẹ màmá Àṣáńtì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo ní màmá náà ni kò jẹ́ kí egbò ìyá mi jiná. Mo bá àwọn nọ́ọ̀sì fà á títí wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀dì màmá náà lọ sí kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀.

"O ò ṣe dáadáa, walahi," ìyá mi ní. "Ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, medaase, medaase, lójoojúmọ́."



Ọmọbìnrin náà padà dé. Ó ní àwọn ti yẹ àmì ìdílé tó wà nínú kòkòrò egbò ìyá mi àti ti màmá Àṣáńtì wò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

"Ṣé mi ò wí?" mo ní.

"Anti, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, ó ti wà lójú egbò màmá yín. Kò sí lójú abẹ tiwọn rárá." Ó ní kòkòrò náà ní ohun kan lára tó fi ń borí kápúsù pupa-àti-yẹ́lò. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló máa ń fọwọ́ kan àwọn méjèèjì?"

Mo tú etí ìró mi, mo kó àwọn kápúsù náà lé e lọ́wọ́. Ojú tì mí dójú ikú.

Wọ́n pa oògùn dà fún àwọn méjèèjì. Ìka ẹsẹ̀ ìyá mi méjì lọ, ẹsẹ̀ kù.

Lọ́jọ́ tí mo kó kápúsù sílẹ̀ yẹn, mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lọ sí kọ̀rọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Màmá náà rò pé mo wá tún ìrọ̀rí wọn ṣe ni. Wọ́n gbé orí sókè dè mí.