Ẹ̀rọ Tó Gba Iṣẹ́ Gìgísẹ̀

Ìgbà tí wọ́n fi lọ́rì gbé ẹ̀rọ ìgbìn méjì wá sí oko ìjọba tó wà lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, èmi ni fọ́ọ̀mànù níbẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí n dán méjèèjì wò, kí n yan ọ̀kan. "Ìwọ lo mọ ilẹ̀ rẹ," ló wí. Òótọ́ ni. Mo mọ ilẹ̀ náà, mo sì kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra àna tí kò ṣeé kọ̀ sílẹ̀.

Ilẹ̀ amọ̀ ni, dúdú, ó wúwo. Bí òjò kò bá tíì rọ̀, ọkọ́ á máa ta padà lórí rẹ̀. Bí òjò bá sì rọ̀ jù, á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni, á tún di ẹsẹ̀ náà mú. Àárín méjèèjì, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì máa lẹ̀ mọ́ ọkọ́, ni à ń gbin àgbàdo, àsìkò náà kì í sì í pẹ́ kọjá. Lọ́dún tó ṣáájú, òjò ńlá ká wa mọ́ ìdajì iṣẹ́, ìdajì yòókù sì di ti koríko. Àwọn aláṣẹ sọ pé bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn á pa oko náà tì.

Àwọn obìnrin alágbàṣe ló ń gbin àgbàdo fún wa. Opó kan láti Ìlá, Ìyá Ẹ̀bùn, ni olórí wọn, òun náà ló sì kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lébìrà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà nígbà yẹn, mo sì rò pé kí èèyàn ju àgbàdo sínú ihò kò lè le ju ìṣirò lọ. Ó tẹ̀lé mi lẹ́yìn díẹ̀, ó sì pè mí padà.

"Ọmọ mi, ta lò ń gbin èyí fún?"

"Ìjọba ni, mà."

"Irọ́ ni. Àparò lò ń gbìn ín fún."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ọkọ́ la ilẹ̀, ó ju ọmọ àgbàdo sí i, ó wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. "Tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi dá ọ lóhùn." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó yá, ó yé mi. Bí a kò bá pa ojú ilẹ̀ amọ̀ dé dáadáa, ibi tí a là yẹn gan-an ni oòrùn á tún là. Bí ẹyẹ kò bá jẹ irúgbìn náà, ooru á yan gbòǹgbò rẹ̀.

Àṣà kan tún wà lóko wa. Bí àgbàdo bá gbó, àwọn tó gbìn ín ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé yà á. Ọ̀gá pàápàá á dúró létí oko títí wọn á fi jáde.

Lọ́jọ́ tí a dán àwọn ẹ̀rọ náà wò, gbogbo àwọn obìnrin náà wá wòran. A so àkọ́kọ́ mọ́ katakata. Irin ṣóńṣó ni èyí fi ń la ilẹ̀, irúgbìn á sì gba inú ọ̀pá kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì lọ jìnnà tí amọ̀ fi dí ẹnu ọ̀pá náà pa. Àbẹ̀kẹ́, aláwàdà wọn, pariwo pé, "Ẹ fún un lómi o, òkèlè ti há a lọ́fun!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí.

Èkejì yàtọ̀. Abẹ́ rìbìtì méjì ló fi ń gé ilẹ̀, irúgbìn ń bọ́ sáàárín wọn, ẹsẹ̀ irin kékeré kan sì ń yí bọ̀ lẹ́yìn láti tẹ ilẹ̀ dé. Ó gé ilẹ̀ bí ẹni gé ọṣẹ. Àmọ́ ẹsẹ̀ irin náà fúyẹ́, kò rí amọ̀ náà tẹ̀. Gbogbo ojú ìlà ló là sílẹ̀, tí ọmọ àgbàdo ń wò wá láti inú ihò. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, inú wọn dùn.

Ọ̀gá bojú wò mí. "Ṣé méjèèjì ni kò dára ni?"

Mo wo ibi tí Ìyá Ẹ̀bùn dúró sí. Ẹ̀bùn, ọmọ kan ṣoṣo tí ikú ṣẹ́ kù fún Ìyá Ẹ̀bùn, wà ní ilé-ìwé Mọ́dà ní Ìgbájọ. Owó oko yìí ló ń gbé e níbẹ̀. Bí mo bá ní méjèèjì kò dára, wọ́n á kó wọn padà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá tún ká wa mọ́ ìdajì ńkọ́? Inú bí mi sí ọ̀gá, ó bí mi sí ilẹ̀, ó bí mi sí ara mi pé mo mọ ohun tó kù kí ẹ̀rọ kejì lè ṣiṣẹ́.

Mo lọ gbé àpò yanrìn méjì, mo dè wọ́n mọ́ ọ̀pá tó wà lórí ẹsẹ̀ irin náà. Awakọ̀ tún wa katakata lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ padé. Àtẹ́wọ́ dákẹ́.

Ìyá Ẹ̀bùn nìkan ló jáde láàárín wọn. Ó bọ́ bàtà, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ ojú ìlà náà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù," mo wí. "Bí kò bá dì, ẹ sọ."

"Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran," ló dáhùn. "Ó dì." Ó wá yíjú sí awakọ̀. "Ẹ̀rọ yìí, ṣé ó máa ń jẹun?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "Epo nìkan ni, Ìyá."

"Ó dáa. Àwa máa ń jẹun."

Èmi ni ọ̀gá rán pé kí n sọ fún àwọn obìnrin náà pé iṣẹ́ ti tán. Àbẹ̀kẹ́ tí kì í bínú bú mi débi tí mo fi dorí kodò. Ọkọ́ ìjọba ló wà lọ́wọ́ Ìyá Ẹ̀bùn. Ó nu amọ̀ ara ọkọ́ náà kúrò, ó gbé e ti ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀, ó sì gba ọ̀nà Ìlá lọ. Kí táàmù tó parí, Ẹ̀bùn ti dé láti Ìgbájọ pẹ̀lú àpótí rẹ̀ lórí. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń pa ẹ̀kùrọ́ tà.

A gbin gbogbo oko tán kí òjò ńlá tó dé. Àgbàdo hù, ó tò lọ gbọnrangandan. Àwọn aláṣẹ wá wò ó, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọn kò sì sọ̀rọ̀ pípa oko tì mọ́. Mo ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi, mo ṣe é dáadáa, mi ò sì gbádùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí àgbàdo gbó, kò sí ẹni tó wá sétí oko. Ọ̀gá dúró díẹ̀, ó ní, "Ẹ yà á, jàre." Mo ya apẹ̀rẹ̀ kan kún, mo gbé e lọ sílé Ìyá Ẹ̀bùn. Mo bá a níwájú ilé pẹ̀lú òkúta tó fi ń pa ẹ̀kùrọ́ lọ́wọ́, Ẹ̀bùn jókòó tì í, kò gbójú sókè.

"Ìyá, àgbàdo ti gbó. Ẹ̀tọ́ yín ni mo gbé wá."

Ó mú ọ̀kan, ó bó o, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọmọ àgbàdo náà. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Ó yọmọ dáadáa," ló wí. "Ta ló gbìn ín?"

Mo tún ti apẹ̀rẹ̀ náà sún mọ́ ọn.

"Àbí kì í ṣe ẹni tó gbìn ín ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ mọ́ ni? Gbé e lọ fún un, ọmọ mi."

Ó fi èèpo bo àgbàdo náà padà, ó rọra tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì mú òkúta rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo tún lò lóko yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì jẹ àgbàdo tuntun rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà padà sóko, mo wọ ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìgbìn náà. Ibẹ̀ ni àgbàdo náà gbẹ sí.