Agbada Tí Ìyá Mi Fi Ń Dín Àkàrà

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí mo gbé agbada irin ìyá mi jáde láti ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ti dógùn-ún pátápátá, nítorí kò sí ẹni tó tún lò ó láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ìgbà tí mo ń sìnrú ìlú lọ́wọ́ ló kú. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni, mo ń retí iṣẹ́ ìjọba ní Adó, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Mo rò pé bí mo bá tún jẹ àkàrà inú agbada yẹn, ara á tù mí díẹ̀.

Mo fi yanrìn àti háhá àgbàdo ha inú rẹ̀ dé ìdajì. Ìdógùn-ún ń ṣí, ṣùgbọ́n ohun dúdú kan tó ń dán ń bá a ṣí lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kígbe lójú fèrèsé: "Gírádúéètì, rọra! O rò pé ìdọ̀tí nìyẹn? Epo tí ìyá rẹ ń fi pa á lẹ́yìn gbogbo àkàrà ló dúdú bẹ́ẹ̀. Kò jẹ́ kí ọṣẹ kàn án rí."

"Ìyá, ṣé kí n wá fi ìdógùn-ún sílẹ̀ ni?"

"Ṣé mo ní kí o dín ìdógùn-ún jẹ ni? Mo ní kí o rọra ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé háhá náà sílẹ̀. Kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan. Àárò ìyá mi ló sọ mí, ẹ̀rù sì bà mí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ha epo tó fi ọwọ́ rẹ̀ pa dànù.

Ìdajì yòókù ṣì wà bẹ́ẹ̀, tòun ti ìdógùn-ún àti epo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jogún irú rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ha á tán kí n sì fi epo tèmi pa á, àbí kí n fi í sílẹ̀?