Ọ̀rọ̀ Tí Èémí Kò Tó Láti Sọ

Ìyá Pàjáwìrì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe obìnrin náà, kò sì fi í ṣe ìbínú. Ó ti bá ọkọ̀ tí í gbé aláìsàn sáré títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí òun alára tó kọ̀ ọ́. Nígbà náà ni wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ibùdó àwọn ọkọ̀ náà, pé kí ó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà kan wà níbẹ̀, àti ère rọ́bà kan tí etí rẹ̀ òsì ti já. Kì í ṣe bí a ti ń di ọgbẹ́ ni ó ń kọ́ wọn; wọn a ti kọ́ ìyẹn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àìsàn tó wọnú àìsàn ni iṣẹ́ tirẹ̀: ọkàn tó ń ṣe ségesège nínú ara ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, oògùn tí í tú àyà sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí í lé ọkàn ní eré àsápajúdé.

Òwe kan wà tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ní kíláàsì rẹ̀: "Àrùn la lè wò, a kò rí t'ọlọ́jọ́ ṣe." Ẹni tó bá pa á, Ìyá yóò bi í pé, "Ìwọ àti ọlọ́jọ́ lẹ jọ ṣèpàdé? Ṣé wọ́n fi ọjọ́ náà hàn ọ́? Ó dáa, padà sídìí aláìsàn." Gbólóhùn kejì tí ó kà léèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni wí nípa ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. "Àyà tó ń súfèé ṣì ń jà," ni í máa wí. "Èyí tó dákẹ́ kò sinmi. Agbára ló tán."

Ọkọ rẹ̀ ni awakọ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí jíjókòó sílé sú u, ó di ẹni tí ń ṣe bí aláìsàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá Akújí ni wọ́n sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ kú àjíǹde àná o!"

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin apààyàn. Ẹ rọra pa mí lónìí, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí."

Ikọ́ fée ń bá a fínra láti ìgbà èwe, nítorí náà, kò sí ẹni tó lè ṣe àìsàn yẹn bí i tirẹ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa ké, a máa bẹ̀bẹ̀, a máa ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ìyá ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dá irú ariwo bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló lè dá eré náà dúró: "Eré ti tán." Bí ẹni tó ń ṣe aláìsàn bá farapa lóòótọ́, kí ó sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, eré ń lọ.

Ní ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá, àwọn olùyẹ̀wò méjì wá láti orílé-iṣẹ́. Nítorí tiwọn, wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò fọ ilẹ̀ yàrá náà, òórùn rẹ̀ sì ń ta ni nímú bí ata. Bàbá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ ó lè ṣe é?"

"Kí ló le níbẹ̀? Kí n kú náà ni, wọn ò ní kí n gun igi."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú oògùn ìfàsímú tó wà lápò rẹ̀, ó wọ aṣọ ìdánwò, ó sì dùbúlẹ̀ sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni wọ́n pè wọlé. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò, nítorí kò sí máàkì tí kì í bá olùkọ́ rò lẹ́jọ́. Àti ọmọkùnrin gíga kan, Òpó Iná. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí súfèé láyà. Èjìká rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Ìyá létí. "Níbo lẹ ti rí bàbá yìí? Eré yìí dùn jù."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì iwájú rẹ̀, kí àwọn ọmọ náà má baà ka ìdáhùn lójú rẹ̀. Nítorí èyí ni kò fi rí i nígbà tí ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sí i. Bàbá la ẹnu, ètè rẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ pe "E", ohùn kò bá a jáde.

"Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀," ni Òpó Iná wí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ. "Ẹ fi èémí yín pamọ́."

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Bàbá tún gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, súfèé náà dáwọ́ dúró, yàrá pa lọ́lọ́.

Agbẹjọ́rò fi ayọ̀ kéde pé, "Ara wọn ti balẹ̀."

Ìbínú ló kọ́kọ́ gbé orí Ìyá sókè. Ṣe ni ó fẹ́ bú ọmọ náà. Ìgbà náà ni ó rí ètè ọkọ rẹ̀: ó ti di àwọ̀ àlùkò. A lè fi ẹnu ṣeré, a lè fi ojú ṣe é. Kò sí ẹni tí í fi àwọ̀ ètè ṣeré.

"Eré ti tán!"

Agbẹjọ́rò wólẹ̀ lórí eékún. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá wa dúró! Ẹnu mi ló ṣì í sọ, mo fẹ́ ní ó ti rẹ̀ wọ́n ni—"

"Ọkọ mi ń kú lọ, o wá ń bẹ̀bẹ̀ máàkì!"

Òpó Iná fa àgbá atẹ́gùn. Abẹ́rẹ́ tí í fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn wà lórí òdo. Kò sí atẹ́gùn níbẹ̀ rí. Bí a ti ń gbé e ni wọ́n fi ń kọ́ ni. Omi lásán ló wà nínú gbogbo ìgò oògùn. Yàrá tó kún fún irinṣẹ́ ìgbẹ̀mílà, kò sí èyí tó lè gba ẹ̀mí kan là nínú wọn, àfi àpò tí a fi ń tẹ afẹ́fẹ́ síni lẹ́nu. Gbogbo ọkọ̀ ibùdó ti jáde. Olùyẹ̀wò kan pe orílé-iṣẹ́; ẹni tó gbé fóònù ní ọ̀kan ti ń bọ̀, ó ṣì wà ní ìkọjá afárá. Òpó Iná sáré lọ mú kóòtù wá. Wọ́n fín oògùn náà sí i lẹ́nu, àyà náà ti tì pa, kò gbà á.

Ìyá fẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún kọ̀, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ló gbá àpò náà mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan.

"Dúró! Afẹ́fẹ́ tó wọlé kò tíì ráyè jáde, o ó bẹ́ àyà wọn!"

"Ìyá, wọn ò mí!"

"Mo mọ̀. Wo àyà wọn. Ṣé ó ti wálẹ̀?"

"Kò tíì wálẹ̀."

"Má tẹ̀ ẹ́."

"Ìyá!"

"Mo ní má tẹ̀ ẹ́!"

Obìnrin tó bí ọmọ mẹ́rin fún ọkùnrin náà, òun ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ dá èémí rẹ̀ dúró. Òwe tó kórìíra wá sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì bí ẹni gbé egungun mì.

"Ó ti wálẹ̀, Ìyá."

"Tẹ̀ ẹ́. Rọra."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ títí ọkọ̀ fi já wọ ọgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ gún Bàbá lábẹ́rẹ́, wọ́n so atẹ́gùn tòótọ́ mọ́ àpò, wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà má ṣe jáwọ́.

"Ìyá, ẹ bọ́ síwájú ọkọ̀, a ó gbé yín gòkè."

"Kí ẹ tó gbé mi gòkè, ẹ ó ti pẹ́. Ẹ máa lọ! Ẹ lọ!"

Ó wà lórí àga nínú ọgbà, kóòtù ọkọ rẹ̀ lórí itan. Olùyẹ̀wò gbé omi wá. Kò rí i. Ó ń wo ẹnu géètì bí ẹni pé ojú lè ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí fóònù dún, ó gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn Agbẹjọ́rò ni.

"Ìyá."

"Kí lo ń fi ọwọ́ mú fóònù fún? Ta ló ń tẹ àpò?"

"Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi. A ti dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n jáde, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ gbọ́."

Ìró bàtà ni ó kọ́kọ́ gbọ́, àti irin tó ń kan irin. Lẹ́yìn náà, ohun kan dún láti ọ̀nà jíjìn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó burẹ́wà, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo: súfèé. Ó tún dún.

"Bàbá ò tíì mọ ẹnikẹ́ni o," ni Agbẹjọ́rò wí. "Dókítà ní àwọn ò tíì lè sọ nǹkan kan. Ìyá, ṣé kí n pa fóònù?"

"Má pa á. Jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ."