Abọ́ Tó Gbé Ẹ̀gúsí Wọlé

Ọkọ mi máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ajá ni ìyá mi jẹ nígbà tó lóyún mi. Mi ò bá a jiyàn. Bí mo bá jókòó sílé ní Kàbbà fún ọjọ́ méjì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, bí ẹni pé nǹkan àtijọ́ kan wà ní yàrá ìyá àgbà kan níbì kan, tí ẹlòmíràn sì fẹ́ ṣíwájú mi débẹ̀. Màá pọn ọmọ, màá gbé àpò, ó di gáréèjì.

Nǹkan àtijọ́ ni mò ń wá kiri, òun náà ni mò ń tà: àtùpà onígíláàsì, àpótí onírin, ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni abọ́ tánganran tí àwọn ìyá wa kó wọlé ọkọ, tí wọ́n tò jọ kan àjà, tí wọn ò fi jẹun rí. Bí mo bá fi etí ìró nu eruku, tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ rẹ̀, àyà mi á máa lù kì-kì-kì.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi lé tánganran kan ní Ẹ̀júkù. Ó funfun, etí rẹ̀ pupa, ọ̀kín méjì kọjú síra lórí ọmọrí rẹ̀. Ìyá àgbà tó ni ín ń dá gbé. Bó bá ti rí èmi ará Kàbbà, á kí mi:

"Okun o, ọmọ Owé! O tún ti dé bí àṣá?"

"Mo ti dé, Ìyé. Àwọn ọ̀kín yín ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì ń sùn."

A ó rẹ́rìn-ín, á gba ọmọ lẹ́yìn mi kí n tó sọ àpò kalẹ̀, èmi á sì bá a bó ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ kan, bí mo ti ń fọ́mọ lọ́mú níbẹ̀, omi kàn ń bọ́ lójú mi ni, àárẹ̀ lásán. Kò bi mí léèrè. Ó bu omi tútù fún mi, ó gba ọmọ.

Àfi lọ́jọ́ kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé abọ́ náà jáde. "Gbé e, kí n rí ìsinmi." Mo sanwó kíákíá, mo ń sáré jáde kó má baà yí ọkàn padà, ó bá kígbe: "Dúró níbẹ̀! Ọlọ́mọ kì í gbé abọ́ òfìfo jáde nílé mi." Ó bu ẹ̀gúsí sínú rẹ̀, ó kún.

Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi ṣí ọmọrí. "Ta ló fún ọ ní ẹ̀gúsí?" Mo ṣàlàyé. Ó ní: "Abọ́ tó bá gbé oúnjẹ wọlé, ó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, kì í sì í padà lófìfo."

"Màmá, mo rà á ni o."

"Abọ́ lo rà. Ṣé o ra ẹ̀gúsí ni?"

Ṣùgbọ́n mo ti fi fọ́tò abọ́ náà ránṣẹ́ sí obìnrin kan l'Ábùjá, dírẹ́bà rẹ̀ sì ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbá yàrá kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde, mo jókòó. Bí mo bá dá a padà, oníbàárà lọ. Bí mo bá tà á, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ Ẹ̀júkù? Ká sòótọ́, kò tún sí ilé mìíràn tí wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀bẹ̀.

Dírẹ́bà fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Mo da ẹ̀gúsí sínú abọ́ mìíràn, mo nu ọ̀kín méjèèjì, mo fi ìró ọmọ wé abọ́ náà, mo gbé e fún un. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n eruku ọkọ̀ ò tíì rọlẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi tún ti ń yún mi. Mo bu iyọ̀ sínú abọ́ rọ́bà aláwọ̀ aró kan tó ní ọmọrí, mo pọn ọmọ, mo wọkọ̀ dé Ìsánlú, mo gun ọ̀kadà dé Ẹ̀júkù.

Ìyá gba ọmọ. Ó wá wo rọ́bà náà.

"Abọ́ mi dà?"

"Ó ti lọ, Ìyé. Mo ti tà á."

"Ó mà yá ọ lára o." Ó fi ìka tọ́ iyọ̀ lá, bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò. "Kí lẹni tó rà á fẹ́ fi ṣe?"

"Ó ní ìyá òun ní irú rẹ̀ kan tó sọnù. Ó ní òun á máa fi gbé oúnjẹ fún àlejò."

Ó gbé ọmọ sí èjìká. "Èmi ò fi gbé oúnjẹ fún ẹnì kankan rí. Mò ń tọ́jú ẹ̀ de àlejò ńlá. Ẹ̀gúsí rẹ yẹn ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó wọnú ẹ̀."

Ó fi apá kan gbé ọmọ, ó fi ọwọ́ kejì mú rọ́bà wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tó da iyọ̀ sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ẹ̀gúsí.

Nígbà tó jáde, rọ́bà ti kún kọjá etí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọmọrí mọ́lẹ̀, ọmọrí tún dìde.

"Gbà," ó ní. "Má tún lọ ta èyí o."

Mo na ọwọ́. Rọ́bà ló gbé fún mi. Kò tíì fẹ́ gbé ọmọ sílẹ̀.